Rotary, Lions, JCI, Inner Wheel tàbí Red Cross: èwo ló bá yín mu ní Ìkòròdú?

Ibi tí ẹ máa ń wà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ irú ẹgbẹ́ aṣoore tí ẹ lè ṣe ní Ìkòròdú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Áílàndì, tó kúrò ní ọ́fíìsì ní aago márùn-ún, tó wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Kétu dé Mile 12, aago mẹ́jọ lè lù kó tó rí Sábó. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Èbúté náà kì í rìn lálẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèpàdé ní aago mẹ́fà ọjọ́ Ìṣẹ́gun nílé, owó rẹ̀ nìkan ni yóò máa dé ìpàdé. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ojú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Tó bá di oṣù kẹfà, kò ní gbé fóònù akọ̀wé mọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta tó ń lé èèyàn kúrò la máa gbé ìfiwéra wọn lé lórí: àkókò, owó, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n máa fi yín ṣe. Gbogbo wọn ló ń ṣoore. Ìyẹn kò tó ohun tí èèyàn fi ń yan ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú o. Láti ìgbà tí Badoo, ẹgbẹ́ awo àwọn apààyàn, ti da oorun mọ́ gbogbo Ìkòròdú lójú ní 2016 sí 2017, ọmọ tó bá sọ nílé pé òun fẹ́ wọ "ẹgbẹ́", ìyá rẹ̀ á bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ẹgbẹ́ wo. Kò burú kó béèrè. Àwọn tí à ń sọ níbí kì í ṣe ẹgbẹ́ awo: inú gbọ̀ngàn tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń pàdé, wọ́n ń gba àlejò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń jókòó níbẹ̀, orúkọ àwọn olóyè wọn sì máa ń wà lára bánà. Ẹgbẹ́ tí kò bá jẹ́ kí ẹ wá wo ìpàdé òun kí ẹ tó sanwó, ohunkóhun tí ì báà pe ara rẹ̀, ẹ má dé ibẹ̀ mọ́.

Ohun tí ẹ lè fojú kan ṣoṣo rí

| | Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ | Ta ló lè wọ̀ ọ́ | Ọdún ẹgbẹ́ | Owó àgbáyé, 2025 sí 2026 |
|---|---|---|---|---|
| Rotary | Chicago, 1905 | àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin | oṣù Keje sí oṣù Kẹfà | dọ́là 82 |
| Lions | Chicago, 1917 | àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin | oṣù Keje sí oṣù Kẹfà | dọ́là 50 |
| JCI (Junior Chamber International) | St. Louis, 1915 | ọdún 18 sí 40 | oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kejìlá | ó wà nínú owó tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbà |
| Inner Wheel | Manchester, 1924 | obìnrin, ọdún 18 sókè | oṣù Keje sí oṣù Kẹfà | kò tó ti Rotary rárá |
| Red Cross | òfin 1960 ló gbé ti Nàìjíríà kalẹ̀ | ẹnikẹ́ni tó bá lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ | kò ní ìgbà | náírà ni, ẹ̀ka ló ń sọ iye |

Àtẹ yìí kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Rotary méjì lè wà ládùúgbò kan kí wọ́n má jọra bíi Rotary àti Lions: ọ̀kan kún fún àwọn oníṣòwò ńlá tó ń jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì, èkejì jẹ́ ti olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó ń lo kíláàsì ilé-ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ẹgbẹ́ àdúgbò gan-an ni ẹ ń wọ̀. Orúkọ àgbáyé kàn ń bá a rìn ni.

Rotary

Rotary fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Nígbà tí Paul Harris, lọ́yà kan ní Chicago, pe àwọn mẹ́ta jọ ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 1905, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kálukú wọn ń ṣe. Títí dòní, kí iṣẹ́ oríṣiríṣi jókòó sí tábìlì kan ṣì ni wọ́n ń wá: dókítà, ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì, olùkọ́, ẹni tó ní ilé oògùn. Bí lọ́yà bá ti pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ kan, lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé lè rí i pé ọ̀rọ̀ òun ń falẹ̀. Kó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìjà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé rèé. Ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ló máa dá orúkọ yín. Á kọ́kọ́ mú yín wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó fi orúkọ yín lé akọ̀wé lọ́wọ́. Nínú àpẹẹrẹ òfin tí Rotary fún àwọn ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fèsì. Tí wọ́n bá gbà, wọ́n á ka orúkọ yín sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tako ó, ẹ sanwó, wọ́n á fi báàjì sí yín láyà. Ẹ ka oṣù kan ààbọ̀ sí méjì fún gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbà yín wọlé lọ́jọ́ kìíní tó rí yín, iye orí ló ń wá.

Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì Rotary, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aláṣẹ dísítírìkì, ìyẹn àkójọ àwọn ẹgbẹ́ Rotary ní agbègbè kan, ni orúkọ yẹn ń gbà kó tó dé ẹgbẹ́ àdúgbò, ọ̀nà yẹn sì gùn. Kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ síbi ìpàdé ló yá jù. Ẹ wo bánà wọn níwájú hòtẹ́ẹ̀lì tàbí gbọ̀ngàn, ẹ wọlé, ẹ sọ pé àlejò ni yín. Kò sẹ́ni tó máa lé yín.

Nínú ìpàdé, agogo kékeré kan máa ń wà níwájú ààrẹ. Ààrẹ á fi òòlù igi lù ú, gbogbo ilé á dìde: orin orílẹ̀-èdè, àdúrà, lẹ́yìn rẹ̀ ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor kọ ní 1932. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó tọ́ sí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn? Ṣé yóò mú ìfẹ́ àti ọ̀rẹ́ tó dán mọ́rán wá? Ṣé yóò ṣe gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn láǹfààní? Ẹ̀yìn ìyẹn ni sájẹ́ńtì ẹgbẹ́ á gbé àpò kiri. Fóònù ta ló dún? Owó. Ta ló pẹ́ dé? Owó. Báàjì ta ni kò sí láyà? Owó. Ẹni tó ṣọjọ́ìbí náà á sanwó ayọ̀. Kì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ mú ṣéńjì dání. Ọ̀rọ̀ pípe ara ẹni lórúkọ lásán, bí àwọn òyìnbó tó dá a sílẹ̀ ṣe ń ṣe é, kò múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa: ẹni tó ti ṣe ààrẹ rí ń jẹ́ "PP", àwọn yòókù ń jẹ́ "Rotarian" kí orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ tó bá ní "PP, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà" kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ ti owó, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Owó àgbáyé, ìyẹn èyí tó ń lọ sí orílé-iṣẹ́ Rotary, jẹ́ dọ́là 82 lọ́dún 2025 sí 2026, ìdajì ní oṣù Keje, ìdajì ní oṣù Kìn-ín-ní. Tí a bá fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan, ₦123,000 nìyẹn; iye tí Rotary fúnra rẹ̀ bá kéde fún dọ́là lóṣù náà sì ni akápò máa lò, kì í ṣe ti àwọn mọlá tó ń ṣẹ́ owó. Dísítírìkì kò tíì gba tirẹ̀ o. Ẹgbẹ́ kò tíì gba tirẹ̀. Owó oúnjẹ ìpàdé, owó iṣẹ́ àkànṣe, ankò, àti tábìlì ọjọ́ ayẹyẹ ìbúra ààrẹ tuntun kò tíì sí níbẹ̀. Tábìlì yẹn, ẹ béèrè nípa rẹ̀ dáadáa. Nínú ẹgbẹ́ kan, ẹni tó bá wù ló ń rà á. Nínú òmíràn, wọ́n ti pín in fún kálukú kí ìwé ìpè tó jáde.

Ohun kejì tó ń ya àwọn tuntun lẹ́nu ni Paul Harris Fellow. Dọ́là 1,000 tí èèyàn bá dá fún àpò àánú Rotary ló ń gba orúkọ yẹn. Ó lè jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni ẹ máa fi dá a. Kì í ṣe dandan, kò sì sí òfin tó ní ẹni tí kò dá a kò lè ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá fi ń kàn yín lábùkù lójú àwùjọ, ìwà ẹgbẹ́ yẹn ni, kì í ṣe òfin Rotary.

Ti àkókò: ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ọ̀pọ̀ sì ṣì ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òfin tí púpọ̀ nínú wọn ń lò ní kí ẹ wà níbi ìdajì ìpàdé nínú oṣù mẹ́fà. Àwọn òṣìṣẹ́ Áílàndì, ibí ni ojú yín ti lè là: tí ẹ bá lọ sí ìpàdé Rotary mìíràn nítòsí ibi iṣẹ́ yín, tàbí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ọdún ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n á kà á sí ti ilé. Ẹ kàn rí i dájú pé akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ẹ bẹ̀ wò fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín pé ẹ wá.

Iṣẹ́ wọn tó lókìkí jù ni ti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, tí wọ́n gbé dání láti 1985. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé iṣẹ́ fún fọwọ́ sí i pé àrùn náà ti dáwọ́ dúró ní Áfíríkà ní irú rẹ̀ tó ń wá fúnra rẹ̀ (wild polio). Ọmọ Nàìjíríà kan, Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò láti Kano, ti ṣe ààrẹ Rotary gbogbo àgbáyé rí ní 2003 sí 2004, òun sì ni ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Lions

Bí Rotary bá ń wo káàdì iṣẹ́ yín, Lions ń wo ọwọ́ yín. Melvin Jones, oníṣòwò inṣọ́ránsì ní Chicago, ló pe àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jọ ní 1917. Ní 1925, Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, bá wọn sọ̀rọ̀ ní Ohio, ó ní kí wọ́n dìde jà fún àwọn afọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ ojú di iṣẹ́ ìdílé wọn. Wọ́n ti fi àtọ̀gbẹ, ebi, àyíká àti jẹjẹrẹ ọmọdé kún un.

Ìpè ni wọ́n fi ń wọ ìyẹn náà: ọmọ ẹgbẹ́ kan á dúró fún yín, ẹ gba fọ́ọ̀mù, ìgbìmọ̀ aláṣẹ á jíròrò rẹ̀, ẹ san owó ìwọlé. Owó àgbáyé dọ́là 50, ìyẹn ₦75,000 tí a bá lo ìṣirò òkè yẹn, ìdajì ìdajì bíi ti Rotary. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà tí àwọn tọkọtaya kì í tètè mọ̀: bí ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé bá san pé, ẹni mẹ́rin mìíràn nínú ìdílé kan náà lè san ìdajì owó àgbáyé. Ìyàwó tàbí ọkọ yín á san dọ́là 25. Akọ̀wé ló gbọ́dọ̀ so orúkọ yín pọ̀ bí ìdílé lórí ìwé. Bí kò bá ṣe é, owó pípé ni wọ́n á máa bù lé yín, ẹ kò sì ní mọ̀.

Wọ́n ní olóyè kan tí ń jẹ́ Tail Twister, ẹni tó ń lọ́ kìnnìún nírù. Òun ló ń bu owó ìtanràn fún èèyàn, kí ìpàdé má bàa gbẹ. Ìgbìmọ̀ ti fi gbèdéke sí iye tó lè bù. Ẹnikẹ́ni kò lè bu ìtanràn fún òun alára, àyàfi tí gbogbo ẹni tó wà níjókòó bá fohùn ṣọ̀kan. Ẹ dúró de ọjọ́ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Lions máa bá òun mu, kó lọ ṣe ọjọ́ kan níbi àyẹ̀wò ojú wọn. Tábìlì mẹ́rin ló máa ń wà: ìforúkọsílẹ̀, pátákó, dókítà, awò. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sábà máa ń wà nídìí pátákó. Mítà mẹ́fà ni èèyàn á jìnnà sí i. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, torí àwọn ìyá àgbà á máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, pátákó tó kún fún lẹ́tà E ni wọ́n ń lò: á fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ E kọjú sí, òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó fi bo ojú kejì. Ìka ní àlàfo, á máa yọjú níbẹ̀, ojú tó ń dùn ún á sì dà bí èyí tó dá. Ẹ má gbé pátákó sínú oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ta padà.

Nídìí awò ìkàwé, +2.00 àti +2.50 ló máa kọ́kọ́ tán, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹgbẹ́ tó bá ra oríṣi kọ̀ọ̀kan níye kan náà á kó +1.00 padà sílé. Ẹni tí nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, awò kò lè ràn án lọ́wọ́. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ fún un, tó ní orúkọ kíliníìkì àti ọjọ́ tí yóò lọ, kí ẹnì kan sì gba nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ lọ ilé ìwòsàn o, màmá" kò tó. Kò ní lọ.

Ti àtọ̀gbẹ ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ṣí ìdérí ike pépà ìdánwò sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin, kí pépà náà bàjẹ́, kí ẹ̀rọ máa ka ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì jẹun láti òru tí ẹ̀rọ bá ka 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún gbọ́dọ̀ tún un ṣe nílé ìwòsàn. Ẹ má sọ fún un ní ọjà pé ó ti ní àtọ̀gbẹ.

JCI, Rotaract àti Leo: ti ọ̀dọ́

Ẹni tó ti pé ogójì ọdún lè fo apá yìí. JCI kò gbà ju ogójì lọ, ọdún tí ẹ bá pé ogójì náà ló máa parí fún yín gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni ọdún 38 tó ń wọlé báyìí kò ní lò tó ọdún mẹ́ta. Bóyá kó kúkú lọ sí Lions.

Fún ẹni ọdún 24 tó ń wáṣẹ́ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá okòwò sílẹ̀, JCI ni a máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọdún kan péré ni olóyè ń lò lórí àga, láti ààrẹ dórí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ kékeré. Àga máa ń ṣófo lọ́dọọdún, àwọn tó máa jókòó sí i kì í sì í pọ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n á ti ní kí ẹ darí ètò kan: ẹ kọ ìṣúná rẹ̀, ẹ wá onígbọ̀wọ́, ẹ dúró sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ẹ kọ ìjábọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọkàn ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó wá torí kó lè máa pín ìrẹsì fún aláìní lè rí i pé ìpàdé pọ̀ ju ìrẹsì lọ.

Ìparí ọdún ló dára jù láti wọlé, torí oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n ń gbéra. Ẹni tó bá wọlé ní oṣù Kẹjọ á bá iṣẹ́ ọdún náà lójú ọ̀nà, á sì tún sanwó tuntun kó tó mọ orúkọ àwọn tó jókòó tì í.

Rotaract, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti Rotary, jẹ́ ti ọmọ ọdún 18 sókè. Wọ́n ti yọ gbèdéke ọdún 30 kúrò láti oṣù Keje 2020. Owó àgbáyé rẹ̀ ni dọ́là 5 fún ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, dọ́là 8 fún ti àdúgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní Poly, kó wo inú ọgbà tirẹ̀ kó tó jáde síta. Leo ni ti Lions: ọmọ ọdún 12 sí 18 ní tiwọn, 18 sí 30 ní tiwọn. Ẹ má ṣe fi Rotaract wé Rotary lórí owó. Wọn kò sí ní ọjà kan náà.

Inner Wheel

Obìnrin nìkan. Margarette Golding dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní 1924 fún ìyàwó àwọn ọmọ Rotary, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi so ó mọ́ ọkọ. Ìyẹn ti kọjá: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò mọ ibi tí Rotary ń gbà lè wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá pè é. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni ìpàdé wọn sábà máa ń jẹ́. Ìyá ọlọ́jà tí kò lè pa ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á rí i pé èyí gbà á láàyè ju Rotary lọ.

Red Cross, àti CDA tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín

Red Cross kì í ṣe ẹgbẹ́ bíi ti òkè yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ ankò níbẹ̀, kò sí tábìlì. Ẹ lọ sí ẹ̀ka rẹ̀, ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ san owó ọdún, lẹ́yìn náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì: bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ẹni tí kò bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní í wọ aṣọ jáde. Nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán tí odò sì kún dé Májídùn àti Ajégúnlẹ̀, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ni ó wúlò. Ẹni tó lókun ṣùgbọ́n tí kò lówó, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ohun tó ń dùn yín bá jẹ́ gọ́tà, tiransifọ́mà tàbí ọ̀nà tó wọ Ìṣawọ̀, ẹ má lọ gba fọ́ọ̀mù Rotary. CDA ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2008 mọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, káńsù ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ kò nílò ẹni tó máa dá orúkọ yín: bí ẹ bá ń gbé ládùúgbò, ayálégbé tàbí onílé, ẹ ti wọlé. Ìpàdé oṣooṣù, owó kékeré ní náírà. Ohun tó ń lé ọ̀dọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn bàbá onílé ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ gba iṣẹ́ kíkọ ìwé ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣe. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin ni wọ́n á máa bi pé kí la sọ níjẹta.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ lọ wo ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ọ̀kan má jẹ́ ọjọ́ àsè. Ọjọ́ àsè, gbogbo ẹgbẹ́ ló dùn. Ẹ ka iye ẹni tó wà níjókòó, ẹ wá béèrè iye orúkọ tó wà lórí ìwé: bí orúkọ bá jẹ́ 40 tí ẹni mẹ́sàn-án wá, àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló ń gbé ẹrù gbogbo ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni ẹ máa jẹ́ ìkẹwàá.

Ẹ ní kí akápò kọ gbogbo owó ọdún kan sórí pépà kan: ti àgbáyé, dísítírìkì, ẹgbẹ́, oúnjẹ, iṣẹ́ àkànṣe, ankò, ayẹyẹ. Akápò tó bá ní "kò pọ̀, ẹ máa mọ̀ tó bá yá" ti dá yín lóhùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n jẹ àgbáyé ní gbèsè, torí Rotary àti Lions ń dá ẹgbẹ́ onígbèsè dúró, owó tí ẹ sì ti san á wọlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá hàn yín, kí ẹ lọ wo ọ̀kan fúnra yín. Kànga tí wọ́n gbẹ́ fún ilé-ìwé, ṣé omi ṣì ń jáde níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi ló kú lọ́dún kejì torí pé kò sẹ́ni tí wọ́n fún ní owó àtúnṣe. Ẹgbẹ́ tó mọ orúkọ ẹni tó ń tún tirẹ̀ ṣe, ẹ lè fi ọkàn tán an.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ fẹ́ kúrò, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ má kàn dákẹ́. Orúkọ tó bá wà lórí ìwé ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje àti ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ni Rotary ń bu owó lé, nítorí náà kí lẹ́tà yín dé ọwọ́ akọ̀wé ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kọkànlá. Gbèsè tí ẹ bá fi sílẹ̀ á tẹ̀ lé yín: ẹgbẹ́ Rotary mìíràn lè béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti san án kó tó gbà yín.

Bí kò bá sí èyí tó sún mọ́ yín

Ìkòròdú gbòòrò. Káńsù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀dè tàbí Ìmọ̀tà kò yẹ kó máa ná Sábó lálẹ́ torí ìpàdé. Láti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, Rotary àti Lions ń béèrè ogún èèyàn, ìyẹn sì ń pẹ́. Ọ̀nà kúkúrú wà: Rotary gbà kí ẹni mẹ́jọ dá ẹ̀ka sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ti wà, kí wọ́n máa pàdé ní àkókò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, Lions gbà á lọ́wọ́ ẹni márùn-ún. Ẹni márùn-ún tó jọ ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà láti Ìmọ̀tà lè mú ọ̀sán Sátidé, kí wọ́n lọ bá ààrẹ Lions tó sún mọ́ wọn jù, kí wọ́n mú orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ dání nínú ìwé kan.